Béèsì olówó-àárín tó lè fara da ọyẹ́ Àbújá: èwo ni kí n rà?

Ìbéèrè láti Kubwa

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Kubwa ni mò ń gbé, mo sì jẹ́ onígìtá béèsì ní ìjọ wa. Láàárín ọdún mẹ́ta, mo ti ra gìtá béèsì tuntun méjì, méjèèjì ló sì já mi kulẹ̀. Èkíní jẹ́ olókùn mẹ́rin. Nígbà tí ọyẹ́ dé, okùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá irin, etí àwọn irin ọrùn rẹ̀ sì yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ya mí lọ́wọ́. Èkejì jẹ́ olókùn márùn-ún tó ń lo bátìrì. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí àwọn nọ́ọ̀bù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ohùn há bí mo bá yí wọn, okùn B rẹ̀, èyí tó nípọn jù, kò sì ní ohùn tó dá ṣáká. Mo ti kó ₦500,000 jọ. Àwọn kan ní kí n sá fún ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe ní Ṣáínà, àwọn kan ní kí n lọ sí Alaba, àwọn mìíràn ní tòkunbọ̀ nìkan ló dára. N kò fẹ́ ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Èwo ni kí n rà?

* * *

Kí n tó dárúkọ gìtá kankan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àléébù gìtá sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ojú ọjọ́ ń ṣe. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó ra ẹ̀kẹta, ọyẹ́ yóò dé bá a, ẹ ó sì tún sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Igi ọrùn gìtá máa ń fa ọ̀rinrin mu nígbà òjò, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ní Àbújá níbí, láti nǹkan bí ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń gbẹ débi pé ètè wa ń là, ilẹ̀kùn onígi tí kò ṣeé tì nígbà òjò yóò sì máa tì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun kan náà ló ń ṣe gìtá. Igi a máa súnkì ní ìbú ju ní gígùn lọ, ṣùgbọ́n fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, kì í bá igi súnkì. Ìdí nìyí tí etí wọn fi ń yọ síta tí ó sì ń ya ọwọ́. Gìtá olówó ńlá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi fáìlì rẹ́ etí irin wọ̀nyẹn láàárín wákàtí díẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé àárín ọyẹ́ gan-an ni ó rẹ́ ẹ, kò dájú pé wàhálà náà yóò tún padà, nítorí pé igi ti súnkì dé ibi tí yóò súnkì dé.

Ti okùn tó ń gbá irin, inú ọrùn gìtá ni ọ̀rọ̀ náà wà. Okùn mẹ́rin orí béèsì ń fa ọrùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru pẹ̀lú agbára tó ju ìwúwo 60 kìlógíráàmù lọ, irin gígùn kan tí wọ́n tẹ̀ sínú ọrùn náà ló sì ń bá okùn du agbára yìí. Bí igi bá gbẹ tàbí tí ó bá mu omi, ìdọ́gba yẹn yóò yẹ̀, ọrùn yóò tẹ̀ díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà kan àti ìdá mẹ́rin ìyípo kan ló sábà máa ń tó láti dá a padà. Ẹ jọ̀wọ́, ìdá mẹ́rin ìyípo ni mo wí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi kí ẹ tó tún yí i, nítorí pé ẹni tó bá fi ipá yí irin yẹn lè já a, títún un ṣe sì lè gba owó ju iye gìtá náà lọ.

Nítorí náà, ní tèmi, béèsì yín àkọ́kọ́ kò tíì bàjẹ́. Ẹ má tíì tà á.

Èkejì ńkọ́? Nọ́ọ̀bù tó ń mú ohùn há, eruku ló sábà máa ń fà á, eruku ọyẹ́ sì kúnná débi tí aṣọ ìbòrí kò fi lè dá a dúró. Agolo oògùn afọ́nká tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń fọ ojú wáyà wà ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Ẹ fọ́n ọn sínú nọ́ọ̀bù náà díẹ̀, kí ẹ sì yí nọ́ọ̀bù síwá-sẹ́yìn ní ìgbà ogún. Bí ó bá ṣì ń há, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ohun tó wọ́n.

Okùn B ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù. Ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí okùn E tó tẹ̀ lé e ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41. Ọ̀pọ̀ sípíkà tí a ń lò nínú ìjọ kò lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, ohun tí ẹ óò gbọ́ kò sì ju pé nǹkan kan ń gbọ̀n lọ. Kí ẹ tó dá gìtá lẹ́bi, ẹ gbé e lọ síbi tí ampilifáyà béèsì gidi wà, kí ẹ sì fi okùn B tuntun sí i, èyí tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 0.130 íńṣì dípò 0.125. Bí ohùn rẹ̀ bá ṣì rọ̀ bí aṣọ tó tutù lẹ́yìn gbogbo èyí, mo gbà pé gìtá náà ló ní àléébù.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé kí ó sá fún gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, n kò sì fara mọ́ ọn.

Ní 1982, Japan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìtá Squier, tó jẹ́ ọmọ ilé Fender, ilé-iṣẹ́ gìtá ti Amẹ́ríkà. Lónìí Indonesia àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Yamaha àti Ibanez jẹ́ ilé-iṣẹ́ Japan, síbẹ̀ Indonesia ni ọ̀pọ̀ béèsì olówó-àárín wọn ti ń jáde. Cort jẹ́ ti Kòríà, ó ní ilé-iṣẹ́ ní Indonesia, ibẹ̀ ló sì ti ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ olórúkọ mìíràn ṣe gìtá. Ẹni tó ń sọ pé ti Japan nìkan ni òun ń rà lè máa di ti Indonesia mú láìmọ̀, inú rẹ̀ sì lè máa dùn sí i pẹ̀lú ẹ̀tọ́.

Àkókò ni wọ́n ń gé kúrò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe gìtá olówó pọ́ọ́kú. Igi tí kò gbẹ tó ni wọ́n fi ń ṣe ọrùn, wọn kì í sì í rẹ́ orí fírẹ́ẹ̀tì kó dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gé ojú ihò tí okùn ń gbà ní orí ọrùn dé ìwọ̀n tó yẹ. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀, a sì lè fi ojú àti ọwọ́ mọ méjì nínú wọn kí a tó sanwó. Ẹ̀kẹta, ìyẹn igi tí kò gbẹ, ọyẹ́ ni yóò fi í hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn láti ra gìtá ní oṣù Kejì: bí ó bá ti la ọyẹ́ kọjá nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí nínú ilé ẹlòmíràn tí ọrùn rẹ̀ sì ṣì tọ́, ó ti jẹ́ ẹ̀rí fún ara rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ Alaba. Èmi kò bá ọjà náà jà, bẹ́ẹ̀ ni n kò bá àwọn tó ń ta ohun èlò orin ní Olosha ní Mushin jà. Ọjà ńlá ni wọ́n, iye gìtá tí ẹ óò rí níbẹ̀ ní ọjọ́ kan ju èyí tí ẹ lè rí ní Wuse àti Garki ní oṣù kan lọ. Àmọ́ ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín débẹ̀.

Ní 2016, mo fi owó ránṣẹ́ sí oníṣòwò kan ní Èkó lẹ́yìn tí a ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí ó sì ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Gìtá náà dé gáréèjì ní Utako nínú páálí tí wọ́n fi okùn wé. Mo gbé e sókè bí ẹni ń wo ẹnu ìbọn, mo wò ó láti ìdí lọ sí orí, mo sì rí i pé ọrùn rẹ̀ lọ́: ẹ̀gbẹ́ okùn E tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ okùn G, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, dúró gbọnrangandan. Ọrùn tó bá tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ́gbọọgba, irin inú rẹ̀ lè tún un ṣe. Èyí tó bá lọ́, irin inú rẹ̀ kò lè rí i tún ṣe. Oníṣòwò náà ní èmi ni mo gbé e sínú oòrùn. Mo ronú lórí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, mo ronú lórí àríyànjiyàn tí n óò bá a ṣe, mo sì fi owó náà sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí pé owó oṣù méjì ni.

Láti ìgbà náà, n kì í sanwó gìtá tí n kò tíì dì mú. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí, kò sì gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Oníṣòwò tí kò bá lè fún yín ní ogójì ìṣẹ́jú, ẹ gbà pé ó mọ ohun tí ó ń fi pamọ́, kí ẹ sì máa lọ.

Mo máa ń kọ́kọ́ yí okùn sí ohùn wọn pátápátá, nítorí pé ọrùn gìtá tí okùn rẹ̀ rọ̀ kò sọ òtítọ́ kankan. Lẹ́yìn náà mo ń wo ọrùn láti ìdí lọ sí orí bí mo ti wí lókè. Mo fi ìka kan tẹ okùn E mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, mo sì fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Ní àárín, ní nǹkan bí fírẹ́ẹ̀tì keje tàbí ìkẹjọ, àyè kékeré kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ okùn, nǹkan bí 0.3 mìlímítà, tí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà kọjá. Bí kò bá sí àyè rárá, ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn. Bí àyè náà bá tó kí káàdì ATM kọjá fàlàlà, ó ti tẹ̀ síwájú jù. Nínú méjèèjì, mo máa ń ní kí oníṣòwò fún mi láyè láti yí irin inú ọrùn ní ìdá mẹ́jọ ìyípo kan, síhìn-ín àti sọ́hùn-ún. Èmi gan-an ni mo ń mú kọ́kọ́rọ́ 4 mìlímítà àti 5 mìlímítà lọ́wọ́, pẹ̀lú ti àwọn oníwọ̀n íńṣì, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kì í sí ní ṣọ́ọ̀bù. Irin tí kò bá yí, tàbí tí ẹnìkan ti yí dé òpin, n kì í rà á, bí ohùn gìtá náà ti wù kó dùn tó.

Lẹ́yìn èyí ni mo ń ta gbogbo fírẹ́ẹ̀tì lórí gbogbo okùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfi wáyà sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe é. Orin tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni wọ́n ń ta, ibi tí orin náà kò dé kò sì ní sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ ìsìn. Ibi tí ohùn bá ti kú tàbí tí ó ti ń há, mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ káàdì ATM lé fírẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí káàdì bá ń jó, èyí tó wà láàárín ga ju àwọn yòókù lọ. Ẹ rántí pé fírẹ́ẹ̀tì tó ga máa ń pa ohùn èyí tó ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ohùn tó tètè ń kú lórí okùn G ní àyíká fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún sí ìkeje kì í ṣe àléébù àwọn tó kàn án. Bí igi ṣe ń gbọ̀n ló fà á, a sì ń rí i lórí gìtá olówó gọbọi pẹ̀lú.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìbámu ohùn. Nígbà tí Leo Fender gbé béèsì oníná rẹ̀ jáde ní 1951, Precision ni ó pè é, torí pé fírẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ kí ohùn bọ́ sí ojú rẹ̀ gan-an, láìdà bí béèsì ńlá àdúróta tí kò ní irin. Bí béèsì kò bá wá lè ṣe èyí, kí ni a rà á fún? Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi níbẹ̀, kí ẹ tún un ta. Áàpù tó ń wọn ohùn lórí fóònù gbọ́dọ̀ fi ibì kan náà hàn fún méjèèjì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìdí gìtá, níbi tí okùn sinmi lé: bí àyè bá ṣì wà fún ìsinmi okùn náà láti lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, ó ṣeé tún ṣe, bí ó bá ti dé òpin tí ohùn kò sì tíì bá ara mu, ẹ gbé e sílẹ̀.

* * *

Bàbá kan láti Kaduna kọ̀wé pé béèsì tó ń lo bátìrì kò yẹ ìlú wa rárá, àwọn ọ̀dọ́ méjì sì ta kò wọ́n pé láìsí bátìrì, ohùn kò ní lágbára nínú ìsìn. Mo wà lẹ́yìn Bàbá, ṣùgbọ́n ìdí tèmi yàtọ̀ díẹ̀.

Bátìrì fúnra rẹ̀ kò burú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé, ní ọ̀pọ̀ béèsì oníbátìrì, fífi wáyà sínú gìtá ni ó ń tan ẹ̀rọ inú rẹ̀, àwa a sì máa fi wáyà sílẹ̀ nínú gìtá láti ìdánrawò Sátidé títí di òwúrọ̀ Sunday. Bátìrì yóò kú láàárín orin ìyìn, ohùn yóò fọ́, gbogbo ìjọ yóò sì máa wojú onígìtá. Àfikún rẹ̀ ni pé nínú béèsì olówó-àárín, ẹ̀rọ oníbátìrì ni ó kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì pọ̀ ní ìlú yìí. Nọ́ọ̀bù lásán, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n jó lẹ́ẹ̀dì lè pààrọ̀ rẹ̀ ní Nyanya.

Ti ariwo tí iná ń mú wọ inú sípíkà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí, torí pé àwọn kan ń pè é ní àléébù gìtá. Ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn wa ń lo jẹnẹrétọ̀ tí kò ní wáyà ilẹ̀. Píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀rọ abẹ́ okùn tó ń gba ohùn gìtá, tí ìdì wáyà inú rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo yóò gbé ariwo náà wọlé. Láti 1957 ni wọ́n ti pín píkọ́ọ̀pù Precision sí ìlàjì méjì tí wọ́n jọ ń pa ariwo náà rẹ́, nítorí náà fún ìlú tí iná rẹ̀ rí báyìí, irú píkọ́ọ̀pù yẹn ni mo máa ń dúró tì. Bí Jazz, béèsì Fender mìíràn tó ní píkọ́ọ̀pù méjì, ni ẹ fẹ́, ẹ ṣí nọ́ọ̀bù ohùn méjèèjì dé òpin, ariwo náà yóò rọlẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe lóde òní. Ẹ sì jọ̀wọ́, ìjọ tí gbohùngbohùn bá ń gún akọrin lẹ́nu, kí wọ́n pe oníná kí wọ́n tó pe oníṣẹ́ gìtá. Iná lè pa ènìyàn.

* * *

Ìyá kan tó ń bójú tó ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ wọn béèrè bóyá ó tọ́ kí ìjọ ra béèsì olówó pọ́ọ́kú, níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ọwọ́ yóò ti máa kàn án.

Mà, èrò mi ni pé ti ìjọ gan-an ló yẹ kó lágbára jù, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ bí ohun ìní ara rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ sí i tààrà. Láti òpin oṣù Kọkànlá, kí ó máa wà nínú àpò rẹ̀ tí wọn kò bá lò ó, pẹ̀lú ike kékeré kan tí ẹ ti lu ihò sí lára, tí kànrìnkàn tó tutù tí ẹ ti fún dáadáa wà nínú rẹ̀. Ẹ máa tún kànrìnkàn náà rẹ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi àṣẹ fún ẹnìkan ṣoṣo pé kí ó máa yí irin inú ọrùn. Nígbà tí ẹni mẹ́ta bá ń yí i, oníkálukú pẹ̀lú ìmọ̀ tirẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi já.

* * *

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ₦500,000.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦470 ní ojú owó ìjọba. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 2024, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Béèsì tó ń lọ ní 300 dọ́là, tí ìṣirò rẹ̀ ń jẹ́ nǹkan bí ₦140,000 nígbà náà, wá di ₦450,000 kí a tó fi owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò kún un. Nítorí náà, owó tí a fi ń ra gìtá àárín gidi tẹ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ìpele àárín ni ó ń gbé wa dé báyìí, bí a bá ní tuntun ni a fẹ́. Èmi kò rí i pé ó yẹ kí ẹ ná gbogbo owó náà lórí gìtá. Ẹ ya ₦80,000 sọ́tọ̀ fún okùn tuntun, owó oníṣẹ́, àpò tó nípọn àti bẹ́líìtì tó fẹ̀. Gìtá ₦420,000 tí oníṣẹ́ ti tún ètò rẹ̀ ṣe yóò dára ju ti ₦500,000 tó wà bí ó ti jáde láti inú páálí.

Bí ẹ bá fẹ́ tuntun, ẹ wá Yamaha TRBX174. Kò lo bátìrì, ó ní píkọ́ọ̀pù irú ti Precision àti irú ti Jazz pọ̀, ọrùn àwọn tí mo ti dì mú sì tọ́. Squier Affinity náà dára, ṣùgbọ́n ẹ yẹ etí fírẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibanez SR fúyẹ́, ọrùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tí ọwọ́ wọn kéré fẹ́ràn rẹ̀. Ní tèmi, ọrùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ ìtọ́jú ju àwọn yòókù lọ nígbà ọyẹ́. Ẹ wọn ìwúwo pẹ̀lú. Béèsì tó bá ju 4.5 kìlógíráàmù lọ yóò ti èjìká yín kí ìsọjí òru tó dé àárín.

Tòkunbọ̀ ni ibi tí mo ti bá àwọn èèyàn wa ṣọ̀kan jù lọ, kì í ṣe nítorí pé ó ti òkè òkun dé, ṣùgbọ́n nítorí pé ọrùn tó ti lo ọdún mẹ́wàá ti gbẹ tán. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn tó ń ṣí lọ sí Kánádà àti Ìlú Ọba ń ta ẹrù wọn ní Gwarinpa, Lugbe àti Lokogoma, gìtá wọn sì ti gbé Àbújá fún ọ̀pọ̀ ọyẹ́. Yamaha BB tí mò ń lò lónìí, ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ti rà á. Ó ti gbó lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, irin inú ọrùn rẹ̀ kò sì béèrè ju ìdá mẹ́rin ìyípo lọ láàárín ọdún kan. Ẹ má kàn gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tó wà ní orí gìtá, torí pé lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè lẹ̀ ẹ́.

Àti olókùn márùn-ún. Mo mọ̀ pé orin ìyìn wa ń lọ sí kíì mẹ́ta mẹ́rin láìdúró, okùn B sì ń rọ ènìyàn lọ́rùn láti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí D tàbí C. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ béèsì, 34 íńṣì ni gígùn okùn wọn, lórí ìwọ̀n yẹn sì ni ó nira jù fún gìtá olówó-àárín láti mú kí okùn B le tó. Àwọn mìíràn ń lo 35 íńṣì nítorí rẹ̀. Pẹ̀lú owó tí ẹ ní, olókùn mẹ́rin tó dára tán ni kí ẹ rà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níhìn-ín ní èrò àtijọ́ ni mò ń sọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi ti gbọ́ B tó ń dàrú mọ́ ìlù ẹlẹ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ̀ pé E tó dá ṣáká ni ìjọ ń jó sí.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun ti rí Squier olókùn mẹ́rin kan ní Gwarinpa lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń ṣí lọ. ₦420,000 ni wọ́n pè é. Ọrùn rẹ̀ tọ́, ìbámu ohùn rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n okùn E ga tó 3 mìlímítà ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ohùn sì kú lórí okùn G ní fírẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án. Wọn kò tíì jẹ́ kí ó yí irin inú ọrùn, nítorí pé kò ní kọ́kọ́rọ́.

Gíga okùn kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Láàárín 2 sí 2.5 mìlímítà ni ó yẹ kó wà, síkúrù kékeré tó wà ní ìsinmi okùn ni a ó sì fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ti fírẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án, ẹ fi káàdì lé ìkẹsàn-án, ìkẹwàá àti ìkọkànlá. Bí ó bá jó, ìkẹwàá ló ga, oníṣẹ́ yóò sì rẹ́ ẹ. Ẹ fi hàn wọ́n, kí ẹ sì ní kí wọ́n dín ₦30,000 kù. Bí káàdì kò bá jó rárá, ẹ tún ta á pẹ̀lú okùn tuntun kí ẹ tó dá igi lẹ́bi.

Ohun tó kù nìkan ni irin inú ọrùn, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má sanwó láìdán an wò. Ẹ yà ní ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ Friday, n ó yá yín ní àwọn kọ́kọ́rọ́ mi. Bí ó bá yí ní ìdá mẹ́jọ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìsí ìdènà, ẹ rà á. Orí àga ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ sí Kubwa, kí ẹ má fi sínú búùtù, torí ooru ibẹ̀ ní ọ̀sán.